Ọbẹ̀ Ìbàdàn Tí Mo Ń Sè Ní Abà

Ọdún kejì lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé parí ni orin náà dé Igbó-Ọrà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ta gìtá ní Ìbàdàn ló kọ ọ́, ohùn rẹ̀ sì tẹ́ẹ́rẹ́ bí ohùn ẹni tí kò jẹun kánú. Télọ̀ kan ládùúgbò wa ló kọ́kọ́ ra àwo rẹ̀. Ó gbé giramafóònù sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, kò sì sí ẹni tó lè gba ibẹ̀ kọjá láìgbọ́. Orin tí àwa mọ̀ ni èyí tó ń kí ènìyàn, tó ń pe bàbá ẹni ní erin, tó ń pe ìyá ẹni ní ọlọ́lá. Eléyìí kò kí ẹnikẹ́ni. Ìbéèrè ló ń béèrè:

Kí ni wọ́n fi ń mọ ọkùnrin?
Bó bá ṣe ti irùngbọ̀n ni, òbúkọ náà ní in.
Bó bá ṣe ti ohùn ńlá ni, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ náà ń ké.
Ìwọ tó o mọ iyán jẹ,
ta ló so ọ́ lọ́wọ́ tí o ò lè gún un?

Tíṣà ni mí nígbà náà, mò ń kọ́ kíláàsì karùn-ún, èmi sì tún ni akọ̀wé ẹgbẹ́ wa. Ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin tí ọjọ́ orí wọn kò jìnnà síra ni. Ọ̀sẹ̀ méjì méjì la máa ń pàdé lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú ní pálọ̀ alága. Onígbàgbọ́ wà nínú wa, mùsùlùmí wà nínú wa. Ìgbàgbọ́ kan ṣoṣo tó pa gbogbo wa pọ̀ ni pé obìnrin ló ń gbé oúnjẹ wá, ọkùnrin ló ń fọwọ́ sí i.

Ìpàdé mẹ́ta gbáko la fi jíròrò orin yìí. Ẹnì kan ní àwọn sójà tó ti ojú ogun dé ló kó irú ìwà bẹ́ẹ̀ bọ̀. Ẹlòmíràn ní ṣòkòtò ayé òde òní ló fà á, èyí tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ bí agogo ilé ìwé, pé ọkùnrin tó bá wọ irú rẹ̀, ọpọlọ rẹ̀ á máa gba ibẹ̀ jáde. Alága wa ló wá gbé àbá kalẹ̀. Àgbẹ̀ pàtàkì ni, ó ní oko iṣu, ó ní ìyàwó méjì, bó bá sì wú ikọ́ ní pálọ̀, àwọn ewúrẹ́ tó wà lójúde á dìde. Àbá rẹ̀ ni mo kọ sínú ìwé ìpàdé pẹ̀lú ọwọ́ ara mi: a fi ohùn kan pinnu pé orin náà lè tú ilé ká, pé ọmọ ẹgbẹ́ kankan kò gbọdọ̀ ra àwo rẹ̀, kò gbọdọ̀ kọ ọ́ lẹ́nu, kò sì gbọdọ̀ mi orí sí i. Bí mo ti ń ka ìpinnu náà sókè, télọ̀ ti gbé orin ọ̀hún sí i níta. Mo wolẹ̀, mo rí ẹsẹ̀ alága tó ń lu ilẹ̀ pẹ́pẹ́pẹ́, ó bá orin mu régí. N kò kọ ìyẹn sínú ìwé ìpàdé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan nípa àwa ọkùnrin Ìbàràpá kí ọ̀rọ̀ mi lè yé ẹni tí kì í ṣe ará ibẹ̀. A ní ilé nílùú, a sì ní abà lóko. Àgbẹ̀ tí oko rẹ̀ jìnnà lè lọ lọ́jọ́ Ajé, kó má wálé títí di ọjọ́ Àbámẹ́ta. Lábà yẹn, ó ń dáná, ó ń lọ ata, ó ń gúnyán, ó ń fọ aṣọ, ó ń gbálẹ̀. Iyán rẹ̀ kì í ní kókó. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń pe èyí ní oúnjẹ sísè. Wọ́n á ní ó ń wá nǹkan fi sẹ́nu ni. Ìgbà tó bá wá kọjá afárá odò tó wà lẹ́yìn ìlú, gbogbo ohun tí ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ ọ́n ṣe á fò lọ. Mo mọ ọkùnrin kan tó se oúnjẹ fún alágbàṣe mẹ́wàá lọ́jọ́ Ẹtì, tó sì jókòó sílé lọ́jọ́ kejì tó ń pariwo pé kí wọ́n bu omi fún òun, àmù omi sì wà ní ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀.

Ọdún yẹn kan náà ni ìyàwó mi gba lẹ́tà láti ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ kan ní Ìbàdàn. Tíṣà lòun náà, ṣùgbọ́n kò ní ìwé ẹ̀rí, kíláàsì kìn-ín-ní ni wọ́n ń fi í sí lọ́dọọdún, àwọn ọmọdé tó ń tọ̀ sára ni wọ́n ń fi jíǹkí rẹ̀. Ẹ̀kọ́ ọdún kan péré ló fẹ́ lọ kọ́, lópin oṣù ni yóò sì máa wálé. Ọmọ méjì la ní: ọkùnrin ọlọ́dún mẹ́rin, àti obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú. Mo fẹ́ kó lọ. Mo ń sọ èyí pẹ̀lú ìgbéraga, torí òun nìkan ni ìwà ọmọlúàbí tí mo hù nínú gbogbo ìtàn yìí.

Ẹ̀gbọ́n mi àgbà pe ìpàdé ẹbí. Ó ní ẹni tó bá rán ìyàwó rẹ̀ lọ sí Ìbàdàn, kí òun náà lọ máa jẹun ní Ìbàdàn, pé ìyàwó ẹnikẹ́ni nínú agboolé kò gbọdọ̀ dáná fún mi. Ìyá mi tì í lẹ́yìn. Ó ní òun ti parí ìdáná lọ́jọ́ tí wọ́n sin bàbá mi, òun ò sì lè tún un bẹ̀rẹ̀ fún ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ wà láyé. Wọ́n wá fún mi ní òfin kan. Ìyàwó mi lè lọ, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ebi bá pa àwọn ọmọ, tàbí ọjọ́ tí wọ́n bá rí èmi ọmọ bàbá mi nídìí ààrò nílùú, ọjọ́ náà ni ẹ̀gbọ́n mi yóò wọ ọkọ̀ lọ mú un bọ̀ wálé. Mo mọ̀ pé kì í ṣe àwàdà. Ọkùnrin tó lè bínú lọ sí ìlú Tápà nítorí adìyẹ kan kò ní ṣàì lọ sí Ìbàdàn nítorí ìyàwó.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, àkàrà àti ẹ̀kọ là ń jẹ láàárọ̀, là ń jẹ lálẹ́. Ọmọ mi ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún àwọn aládùúgbò pé òun fẹ́ jẹ ọbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó lè lé ìyá rẹ̀ kúrò nílé ẹ̀kọ́ nìyẹn, kò kúkú mọ̀. Mo wá rántí pé bàbá mi fi abà sílẹ̀ fún wa, kò tó máìlì mẹ́ta sílùú, ààrò sì wà níbẹ̀. Bí a bá ti jáde nílé ìwé, n ó gbé ọmọ ọkùnrin sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, n ó gbé ọmọ obìnrin kọ́rùn, bí ọkùnrin ṣe ń gbé ọmọ. Tí a bá ti kọjá afárá, n ó sọ̀ kalẹ̀, n ó fa ọ̀já yọ lápò, n ó pọn ọmọ. Tí a bá ń bọ̀, n ó tú ọ̀já lẹ́bàá afárá náà, n ó sì gbé ọmọ padà sọ́rùn. Ọmọ náà kì í bá mi jà sí i, àfi pé ó máa ń wò mí bí ẹni tó fẹ́ béèrè nǹkan.

Ọjọ́ kejì tí mo lọ, mo gbọ́ ẹnì kan tó ń kọrin lẹ́yìn abà tó múlé gbe tiwa. Kí ni wọ́n fi ń mọ ọkùnrin, ó ń kọ ọ́ láìfo ẹsẹ kan. Mo yọjú. Alága wa ni. Ó wọ síńgílẹ́ẹ̀tì, ó kúnlẹ̀ nídìí ọlọ, ata ti kun ọwọ́ rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́. Òun náà rí mi, ó rí ọmọ tí mo pọ̀n, ó rí ọ̀já. Bó ṣe pé ìlú la wà ni, ó yẹ kí èmi akọ̀wé fẹ̀sùn kàn án pé ó rú òfin ẹgbẹ́, kí òun alága sì fẹ̀sùn kan èmi náà.

“Tíṣà,” ló wí níkẹyìn, “ọmọ yẹn ti ń yọ̀ bọ́ lẹ́yìn ẹ. Tún un pọ̀n.”

Bí ó ṣe di ọ̀gá mi nìyẹn. Ẹ̀gúsí ló fi bẹ̀rẹ̀. Ó kọ́ mi pé kí n dín ata nínú epo títí omi rẹ̀ á fi gbẹ, kí n máa fi ọwọ́ já ẹ̀gúsí sí i díẹ̀díẹ̀, kí n sì fi í sílẹ̀ kó dì kí n tó rò ó. Ó ní sùúrù ju ìyá mi lọ. Bí mo bá fẹ́ ro ọbẹ̀ láìtíì tó àkókò, á gbá mi lọ́wọ́. Mo bi í bóyá àwọn ìyàwó rẹ̀ mọ̀ pé ó mọ ọbẹ̀ sè tó báyìí. Ó ní ọ̀rọ̀ abà, abà ló ń gbé. Mo ní orin tí a fòfin dè ńkọ́? Ó ní, “Ṣé ìlú la wà ni?”

Òun náà ló gbọ́n ọgbọ́n tó gba ìyàwó mi sílẹ̀. Àwọn ọkọ̀ tó ń ti Ìbàdàn gba Èrúwà wá máa ń dé lọ́jọ́ Ẹtì. Ó ní kí n máa bu ọbẹ̀ sínú abọ́ tánganran, kí n fi ìborùn ìyàwó mi dì í, kí n sì gbé e gba ìdíkọ̀ wọ agboolé, kí n ní ìyàwó mi ló sè é tó fi rán dẹ́rẹ́bà. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyá mi tú ìborùn náà, ó sì fi ìka kan tọ́ ọ wò.

“Ìyàwó mi ò mọ ọbẹ̀ sè tó báyìí tẹ́lẹ̀,” ló wí. “Ìwé dára o.”

Láti ọjọ́ yẹn, ìyá mi di alátìlẹ́yìn ẹ̀kọ́ obìnrin. Ó gbà láti máa bá mi gbé ọbẹ̀ kaná láàárọ̀ àti lálẹ́, ó sì ń tẹ ẹ̀bà sí i, torí pé ọwọ́ ìyàwó òun ló sè é. Kò mọ̀ pé ọbẹ̀ tí mò ń gbé fún un lọ́jọ́rú, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo sè é lábà, tí mo dà á sínú abọ́ kan náà. Ó ń rò pé ti ọjọ́ Ẹtì náà ni. Ohun tó ń yà á lẹ́nu ni pé bí ọ̀sẹ̀ ti ń lọ ni ọbẹ̀ ń dùn sí i. Ó ròyìn fún ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀gbọ́n mi jẹ ẹ́, ó ní kí wọ́n tún bu díẹ̀ sí i fún òun. Ó ròyìn fún ìdajì ìlú. Ní ìpàdé ẹgbẹ́, ọmọ ẹgbẹ́ kan dìde, ó ní kí wọ́n wá wo ọkùnrin gidi, ọkùnrin tó mú ìyàwó rẹ̀ le débi pé obìnrin ọ̀hún wà ní Ìbàdàn, síbẹ̀ ó ń dáná fún un. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Alága ni ọwọ́ rẹ̀ dún jù. Mo kọ ìyẹn sínú ìwé ìpàdé.

Nígbà tí ìyàwó mi wálé lópin oṣù, àwọn obìnrin ń kí i lójú ọ̀nà fún ọbẹ̀ tí kò sè. Ó dé yàrá, ó ti ilẹ̀kùn, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Mo sè fún un lábà lọ́jọ́ kejì, ó jẹun, ó ń wò mí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ̀ mí. Ó ní, “Bàbá àwọn ọmọ, ẹ jẹ́ kí irọ́ yìí gbé mi dé ìparí. Tí mo bá ti gba ìwé ẹ̀rí, ẹ sọ òótọ́.” Mo ní n ó sọ ọ́. N kò ṣiyèméjì rárá pé n ó sọ ọ́.

Ó parí, ó yege. Wọ́n fún un ní kíláàsì kẹrin. Mo dúró de ọjọ́ tó dára láti sọ òótọ́, ọjọ́ tó dára kò dé. Lọ́jọ́ kan, ẹgbẹ́ ń ṣe àlejò. Lọ́jọ́ mìíràn, ẹ̀gbọ́n mi wà níbẹ̀. Ká sòótọ́, mo ti fẹ́ràn kí wọ́n máa pè mí ní ọkùnrin gidi. Orúkọ náà dùn létí ju ọbẹ̀ lọ.

Nígbà náà ni ìyàwó kékeré alága gba lẹ́tà láti ilé ẹ̀kọ́ kan náà. Ọmọbìnrin jẹ́jẹ́ kan ni, ó ń kọ́ kíláàsì kìn-ín-ní nílé ìwé tiwa, ibi tí ìyàwó mi ti kúrò gan-an. Ó ní ọmọ kan. Alága kò ní kó má lọ. Ó pe àwọn ẹbí rẹ̀, ó ní ọkùnrin tí ojú rẹ̀ là lòun, pé ìyàwó tíṣà lọ, kò sì sí ohun tó bàjẹ́. Ohun kan ṣoṣo tóun fẹ́ ni kí ìyàwó òun náà máa fi ọbẹ̀ ránṣẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì, èyí tí kò ní kan títí di ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e. Kó kọ́kọ́ dán an wò nílé kí wọ́n rí i.

Mo gun kẹ̀kẹ́ lọ bá a lábà. Ó ń bẹ iṣu.

“Alága,” mo ní, “ẹ̀yin àtèmi la jọ se ọbẹ̀ yẹn.”

“Mo mọ̀.”

“Kò sí ọbẹ̀ tó ti Ìbàdàn wá.”

“Ta ló ń bá ẹ jiyàn?” Ó ju èèpo iṣu nù. “Tíṣà, ìwọ ní ìyá tó ń bá ẹ gbé ọbẹ̀ kaná. Ìyá tèmi ti kú, ìyálé sì ti ní òun ò ní fọwọ́ kan ìkòkò ẹlòmíì. Tó bá lọ, ta ni wọ́n á ní ó ń bọ́ mi? Èmi ni mo gbé àbá orin yẹn kalẹ̀.”

“Ẹ mọ oúnjẹ sè ju gbogbo obìnrin àdúgbò wa lọ.”

“Lóko,” ló wí, ó sì da omi sí iṣu. Ó ní kí n dúró jẹun. Mo dúró, mo jẹun. Iyán náà dára.

Ọjọ́ kẹta, ọmọbìnrin náà wá sílé wa pẹ̀lú ìwé àjákọ àti pẹ́ńsùlù. Ó kúnlẹ̀ kí wa. Ó ní, “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi bí ẹ ṣe ń sè é tí kì í fi í kan. Mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ kí n má baà gbàgbé.” Ó ti fa ìlà sí ojú ewé náà, ó ti kọ àkọlé sókè, ó fi ìlà méjì sí abẹ́ rẹ̀ bí a ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ.

Ìyàwó mi yíjú sí mi. Ó wò mí bí ẹni tó di ilẹ̀kùn mú kí ẹlòmíràn lè kọjá. Mo mọ ohun tó yẹ kí n sọ, kò ju gbólóhùn kan lọ. Ṣùgbọ́n mo ro ẹgbẹ́, mo ro ẹ̀gbọ́n mi, mo ro alága tó kọ́ mi lọ́bẹ̀, mo sì gbọ́ ohùn ara mi tó ń sọ pé, “Irú ni. Irú púpọ̀, kí epo sì lé sí i lójú. Ẹ má jẹ́ kí omi wọ̀ ọ́.”

Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Irú púpọ̀. Epo. Má fi omi sí i. Ìyàwó mi dìde, ó bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, kò sì padà wọlé títí àlejò wa fi lọ.

Ìyàwó kékeré alága sè é lọ́jọ́ Ẹtì, ó bò ó. Ẹnikẹ́ni kò gbé e kaná. Lọ́jọ́ Àìkú, ó ti ń hó láìsí iná lábẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé, alága pe àwọn ẹbí jọ, ó ṣí ìkòkò, gbogbo wọn sì fa imú sẹ́yìn. Wọ́n ní inú alága bà jẹ́ lóòótọ́ bó ti ń sọ ọ́: ó ní òun ti ṣe tòun, pé kì í ṣe gbogbo obìnrin ló ní irú ọwọ́ tí ìyàwó tíṣà ní. Ilé ẹ̀kọ́ wọlé lọ́sẹ̀ yẹn. Ìyàwó rẹ̀ kò lọ. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, oyún wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, wọn kò kọ lẹ́tà sí i mọ́.

Ìyàwó mi kò bá mi jà. Ó kàn ní kí n má ṣe gbé oúnjẹ abà wọlé fóun mọ́, nítorí bí òun bá ń jẹ ẹ́, ìwé ẹ̀rí tí ẹlòmíràn ì bá gbà lòun á máa jẹ. Ọ̀rọ̀ náà gún mi dé egungun. Mo gbé ìwé ìpàdé ẹgbẹ́ fún ẹlòmíràn kọ, mo ní ojú ń dùn mí. Ojú kò dùn mí, ojú ló ń tì mí.

Ọdún méje la tún jọ lò nílé ìwé yẹn, èmi àti ìyàwó kékeré alága. Kíláàsì kìn-ín-ní náà ló wà, ó ń nu imú ọmọ, ó ń kọ́ wọn ní a, b, d. Láràárọ̀ tí a bá pàdé lẹ́nu ọ̀nà, á kúnlẹ̀ díẹ̀ pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́.

“Ẹ káàárọ̀, sà,” á wí. “Ẹ ṣeun ti ọbẹ̀ ọjọ́sí. Ọwọ́ mi náà ni ò gbà á.”